Orí Kì Í Ní Ọfà

Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tó ń múra àtiwọ yunifásítì bi mí pé, "Màmá àgbà, iṣẹ́ wo gan-an lẹ fi gbogbo ayé yín ṣe?" Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí kì í gbé ènìyàn dé ibì kankan ni mo ń kọ." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó rò pé mò ń ṣe àwàdà ni.

Mi ò ṣàwàdà o. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ mú fóònù yín, kí ẹ ṣí ìkànnì ilé ìwòsàn tàbí ti ilé ìwé kan. Ẹ ó rí ìlà mẹ́ta kékeré lókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ á tò wálẹ̀. Mẹ́nù nìyẹn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti tẹ̀ wọ́n, ó di ibi tí ẹ ń lọ. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé orí ni wọ́n jẹ́. Wọ́n kàn dúró síbẹ̀, wọ́n ń sọ fún yín pé, "Nǹkan báyìí-báyìí ló wà lábẹ́ mi." Ẹ tẹ̀ wọ́n di ọ̀la, wọn ò ní gbé yín kúrò lójú kan. Àwọn wọ̀nyẹn ni èmi Sìdíkátù ọmọ Òròkí fi jẹun, tí mo fi tọ́ ọmọ, wọn ò sì tíì yé yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ara pátákó la ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà. Rélùwéè ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ l'Òṣogbo, mo sì máa ń bá wọn gbé oúnjẹ lọ sí téṣàn. Dípò kí n máa wo ọkọ̀ ojú irin bí àwọn ọmọ yòókù, lẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri ni mo máa ń wò. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, mo ní iṣẹ́ sáínbọ́ọ̀dù ni mo fẹ́. Ìyá mi káwọ́ lérí.

"Yéè! Obìnrin wo lo rí tó ń gun àkàbà? Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo abẹ́ yẹ̀rì rẹ ni?"

Mo ní, "Màá wọ ṣòkòtò sí i lábẹ́, Màámi."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tán nìyẹn o. Wọ́n mọ bàbá kan n'Iléṣà tó ń kọ pátákó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n mú mi lọ.

Ẹ má bínú sí mi, mi ò ní dárúkọ bàbá náà níbí. Mi ò pè é lórúkọ rí ní gbogbo ayé rẹ̀. Ọmọ tó ń pe àgbà lórúkọ gbàgà, ilé ni kò ti rí ẹ̀kọ́. "Ọ̀gá" là ń pè é, ọ̀gá náà ni màá máa pè é. Ọkùnrin gíga kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ́ńsù kì í wọ́n lẹ́yìn etí rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀dà, láti àárọ̀ dalẹ́ ẹ ò sì ní rí ẹ̀kán kan lára rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà paraku ni. Ilé, á ní "ulé". Igi, á ní "ugi". Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ìyàwó rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó kàn gbé agolo kẹrosíìnì lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fọ búrọ́ọ̀ṣì. Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì títí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu mi.

Ó le, ẹ gbọ́. Ọ̀gá ò nà mí o, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó le tó o rí. Bí a bá gba iṣẹ́ ní ibì kan, kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ọ̀dà. Á ní kí n jáde lọ sí títì, kí n wọlé padà bí àlejò.

"O ò mọ ibì kankan níbí. Ara ò yá ọ, ẹrù wà lórí rẹ, ẹkún sì wà lójú rẹ. Ibo lojú rẹ kọ́kọ́ lọ?"

Mo ní, "Apá ọ̀tún, sà."

"Irọ́ lo ń pa. Ẹni tó ń sunkún kì í wo ọ̀tún. Jáde padà."

Màá jáde, màá tún wọlé. Nígbà míì, oòrùn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kó tó gbà pé mo wọlé bí àlejò lóòótọ́. Bí iṣẹ́ mi bá wá dára, kò ní yìn mí. Á wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, á yíjú kúrò, kò ní sọ nǹkan kan. Ṣé ẹ rí ẹ̀ẹ̀kan yẹn? Mo lè fi rìn láti Iléṣà délé láìwọkọ̀.

Iṣẹ́ tó ṣí mi lójú jù ni pátákó irin tí a kọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kan n'Iléṣà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀rọ̀ ńlá ló wà lókè rẹ̀, ọ̀dà búlúù la fi kọ ọ́: ÌTỌ́JÚ ÌYÁ ÀTI ỌMỌ. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ọ̀nà wà, dúdú: yàrá ìrọbí, yàrá àwọn abiyamọ, ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọfà tirẹ̀. Èyí tó wà lókè nìkan ni kò ní. Lójú mi, ó dà bí ìyàwó tí wọ́n múra fún tán tí wọn ò fún ní bàtà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ya ọfà sí ti òkè náà."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ọfà gbọọrọ síwájú ọ̀rọ̀ búlúù náà, ó ní kí n jókòó sábẹ́ igi kí n máa wò. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà kan fi dé, ó gbé fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́. Ó wo pátákó. Kò ka ti ìsàlẹ̀ rárá. Ó tẹ̀ lé ọfà òkè, ó sì lọ kan ògiri. Ó dúró níwájú ògiri náà, ó ń wò ó bí ẹni pé ilẹ̀kùn máa là níbẹ̀. Ọ̀gá mi sáré bá a, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì mú un dé yàrá ọmọ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́.

"Sìdí, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kí orí dúró. Kí ó jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ibi tó ń wá ló dé yìí. Ẹsẹ̀ ló ń rìn, ẹsẹ̀ ni kó o ya ọfà fún."

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bà mí. Mo jókòó lábẹ́ igi náà mo ń wo àwọn ènìyàn. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rí búlúù, èjìká wọn á sọ̀ wálẹ̀, ojú wọn á wá lọ sísàlẹ̀ wá ọfà tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí kò lọ síbì kankan ló ń fi gbogbo wọn lọ́kàn balẹ̀. Ah, Ọlọ́run tóbi!

Nígbà tí a parí, mo rí i pé ó ń kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò kọ orúkọ sí igun pátákó. Gbogbo oníṣẹ́ ọ̀dà tí mo mọ̀ ló ń kọ orúkọ wọn sí igun. Mo bi í léèrè.

Ó ní, "Aláìsàn ò wá orúkọ mi wá síbí."

Ọlọ́run ò fún bàbá yìí lọ́mọ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé, "Pátákó lọmọ ọkọ mi," ọ̀gá kì í sì í rẹ́rìn-ín sí i. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo gbòmìnira ni ó kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo wò yíká, kò sí ọmọ tó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Gbogbo Iléṣà ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀nà, orúkọ rẹ̀ ò sí lára ọ̀kan. Ó dùn mí wọra. Mo sunkún padà dé Òṣogbo.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù l'Òkè-Fìà, iṣẹ́ sì ń wọlé dáadáa. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń gé lẹ́tà sítíkà dé, lẹ́yìn náà ni bánà dé. Àwọn oníbàárà mi ní ta ló tún ń dúró de ọ̀dà kó gbẹ. Mo bínú títí, ìbínú ò sì sanwó ilé. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà. Mo lọ kọ́ kọ̀ǹpútà láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, wọ́n ń pè mí ní "Àlàájà" pẹ̀lú ẹ̀rín lábẹ́ ẹnu. Ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí n mú máòsì, ṣe ni mo gbé e sókè kúrò lórí tábìlì bí ẹni gbé búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn ènìyàn ṣe ìkànnì gbà mí sẹ́nu iṣẹ́, pé kí n máa to mẹ́nù. Mi ò lè gbàgbé àárọ̀ tí Bísọ́lá, ọmọbìnrin tó ń kọ kóòdù fún wọn, kọ́kọ́ fi mẹ́nù hàn mí. Ó gbé máòsì sórí ọ̀rọ̀ kan lókè ojú ìwé. Kò tẹ̀ ẹ́ o! Ó kàn gbé e lé e lórí, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké sì já wálẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀.

Mo pariwo, "Subuhanallahi! Ta ló sọ fún un pé a ti dé?"

Bísọ́lá ní, "Àlàájà, kóòdù ni."

Mo ní, "Kóòdù kọ́. Orí nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ jáde yẹn." Pátákó ọ̀gá mi ni, ó ti di alààyè. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò pààrọ̀ iṣẹ́ rárá, irinṣẹ́ ló pààrọ̀.

Ohun kan ló wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ tí a fi ń to mẹ́nù nígbà náà kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò bá ní àdírẹ́ẹ̀sì. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ síbì kan, orí pẹ̀lú. Nítorí náà, Bísọ́lá àti gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn máa ń ṣe ojú ìwé òfìfo kan sẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan. "Kò sí nǹkan kan níhìn-ín báyìí" ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wa nísàlẹ̀. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, nítorí orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ayé ti ń wò ó, máòsì kàn ń kọjá lórí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Fóònù dé ọwọ́ tẹrú-tọmọ. Ìka ò sì lè rá bàbà lórí ọ̀rọ̀ bíi ti máòsì. Bí ìka bá ti kàn án, ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ó sì di ojú ìwé òfìfo.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àsárì tán lọ́jọ́ kan nígbà tí fóònù ọ́fíìsì dún. Ọkùnrin kan ni, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé ilé ìwòsàn n'Iléṣà nìyí?"

"Rárá o, àwa la ṣe ìkànnì wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni, Mà. Ìrọbí ló mú un, ẹ̀jẹ̀ wá ń dà lára ẹ̀. Ìwàrà la ti gbé e wá. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́nà pé àwọn nọ́ọ̀sì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ni mo bá ní kí n wo orí fóònù. Mo tẹ ibi tí ẹ kọ Ìtọ́jú Ìyá àti Ọmọ sí, ó ní kò sí nǹkan kan níhìn-ín. Ṣé wọ́n ti tì í ni? A ti wọ Iléṣà báyìí, dírẹ́bà ní ká kúkú máa gbé e lọ s'Òṣogbo."

Mo tún rí ìyá àgbà onífúláàsì yẹn níwájú ògiri lójú ọkàn mi. Iléṣà sí Òṣogbo, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà! Mo kígbe, "Ẹ má gbé e lọ síbì kankan! Ẹ dúró síbi tí ẹ wà!"

Bísọ́lá ti ṣí ìkànnì náà lórí kọ̀ǹpútà, ó gbé máòsì sórí orí yẹn, nọ́ńbà yàrá ìrọbí sì já wálẹ̀ níbi tó ti wà látọjọ́ yìí. Ó fi fóònù tirẹ̀ pè é. Nọ́ọ̀sì kan gbé e. "A wà níbí o! Ta ló ní a daṣẹ́ sílẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ kíá. Àmọ́ wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà níwájú géètì ńlá, mọ́tò ò lè wọlé. Kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn."

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn! Ibi tí èmi àti ọ̀gá kọ pátákó sí nìyẹn. Mo ní kí ọkùnrin náà sọ fún dírẹ́bà kó yà, kó má sì pa fóònù.

Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "A ti wọlé, Mà. Ilé pọ̀ níbí. Mi ò rí ènìyàn tí mo lè bi."

"Ẹ wo òkè, ẹ ó rí pátákó irin kan."

"Kò sí pátákó níbí o, Mà."

Ta ló mọ iye ọdún tí òjò ti rọ̀ lé e lórí? Wọ́n lè ti yọ ọ́, wọ́n lè ti tà á fún àwọn onírin. Mo gbọ́ obìnrin náà tó ń kérora lẹ́yìn ọkọ̀. Mo ní, "Igi máńgòrò ńkọ́?"

"Igi wà."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ka rẹ̀."

Mo ń gbọ́ bí ewé ṣe ń ró. Bísọ́lá ti di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Mo rí i! Mà, mo rí i! Búlúù ni!"

"Orí nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yàrá ìrọbí. Ibo ni ọfà rẹ̀ kọjú sí?"

"Òsì, Mà! Òsì ni!"

"Ẹ máa lọ!"

Fóònù já. Èmi àti Bísọ́lá ò lè jókòó. Mo ń jan tẹ̀súbà mi, mi ò mọ ohun tí mò ń kà mọ́. Mi ò mọ obìnrin yẹn, mi ò rí i rí, àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n fi ọwọ́ tí mo fi ń kọ lẹ́tà pààrọ̀ ẹ̀mí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, màá na ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yẹn pè pé wọ́n ti gbà á wọlé. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó tún pè. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù.

"Màmá, ọkùnrin ni. Ìyá ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó ń béèrè omi."

Bísọ́lá gbé orí lé tábìlì, ó sunkún bí ọmọdé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó rán wa níṣẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ tuntun ti wà nígbà náà tó ń gbà kí ọ̀rọ̀ wà láìní àdírẹ́ẹ̀sì. A yọ gbogbo ojú ìwé òfìfo kúrò lẹ́yìn gbogbo orí tó wà nínú gbogbo ìkànnì tí a ti ṣe. A fi àwọ̀ búlúù kun àwọn orí, a fi ọfà kékeré síwájú àwọn tó ń lọ síbì kan. Bísọ́lá ní, "Àlàájà, ṣé ká ya ọfà fún orí náà ni?"

Mo ní, "Ọfà kẹ̀? Orí kì í ní ọfà!"

Nígbà tó ṣe tán, ó gbé fóònù fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka kan Ìtọ́jú Ìyá àti Ọmọ. Kò lọ síbì kankan. Ó dúró gbọingbọin sójú kan, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ wẹ́rẹ́ níwájú mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìbá ṣe pé ọ̀gá wà láyé!

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí lówó. Ó lówó díẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹnì kan tí ẹ ò ní mọ̀ láyé á fi ìka gbígbọ̀n wá a kàn.

Wọ́n pè mí síbi ìsọmọlórúkọ náà n'Ìwàrà. Mo lọ, èmi àti Bísọ́lá. Ìyá ọmọ jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ ṣì funfun nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dànù, ó ń wò mí bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́. Àwọn àgbà ilé ti ń fún ọmọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ju owó sínú omi. Bàbá ọmọ ní, "Ó kan Màmá Òṣogbo. Ẹ fún un lórúkọ, Mà."

Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi láti ilé. Mo la ẹnu, kò jáde. Orúkọ tí mi ò pè rí látìgbà tí mo ti di ọmọ iṣẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ mi kí n pè é? Gbogbo ilé ń wò mí. Ni mo bá ká aṣọ mi, mo sì kúnlẹ̀ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Akínlabí."

Ìyá ìyá ọmọ bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yín, Mà?"

Mo ní, "Ọ̀gá mi ni. Àwọn ló kọ pátákó yẹn."

Ọmọ náà lajú. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó yíjú kúrò, kò sì sọ nǹkan kan.